Apá Tó Wú àti Apá Tí Kò Wú: Láti Iba dé Kopẹnhágìn

Kí n tó kúrò nílé

Láti ìgbà tí mo ti dé, gbogbo ẹni tó bá pàdé mi ní Ọ̀jọ́ ló ń bi mí ní ìbéèrè kan náà: "Ṣìfáù, ṣé lóòótọ́ ni yìnyín ń bọ́ láti ojú ọ̀run níbẹ̀?" Ó ń bọ́. Ó funfun, ó tutù, ó sì ń gbé àgbàlagbà ṣubú lójú títì níṣojú àwọn ọmọdé. Mo ti dáhùn, ẹ dákun, ẹ má bi mí mọ́. Ìrìn-àjò tí mo fẹ́ ròyìn fún yín kì í ṣe ti yìnyín. Ọ̀rọ̀ apá ìyá mi ni, àti ti ọmọ tó wà lẹ́yìn wọn lọ́jọ́ tí mo gbéra. Ó ń bí mi nínú títí dòní pé ó dìgbà tí mo dé òdìkejì ayé kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé tí wọ́n ti bí mi.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ìdí mi kì í gbé ibì kan. Nígbà tí owó epo dé, tí ìjọba ń kọ́ ilé ìwòsàn káàkiri, wọ́n ń wá àwọn tí yóò lọ kọ́ iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò lókè òkun. Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àyẹ̀wò ibà nìkan ni mo sì mọ̀. Wọ́n ní kí n lọ kọ́ ti ikọ́ ife ní ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì. Mi ò tilẹ̀ mọ apá ibi tó wà. Mo ti ń di ẹrù kí n tó béèrè.

Mo wá sí Iba láti dágbére. Nígbà náà, wọ́n ti ń la ọ̀nà ńlá Badagry, katapílà ti tú gbogbo Okokomaiko, eruku pupa sì bo àwọn igi àgbọn títí dé orí. Bí mo ṣe wọ ilé wa ni mo rí Kúdí, àbúrò mi obìnrin, tó dá jókòó sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Wọ́n fi kọ́ọ̀pù aláwọ̀ ewé kan kọ́ ìṣó lókè orí rẹ̀. Òùngbẹ ń gbẹ mí, mo na ọwọ́ sí kọ́ọ̀pù náà, ni Kúdí bá pariwo: "Àǹtí Ṣìfáù, ẹ má fi tèmi mu!"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Tísà kan tó háyà yàrá nílé wa wúkọ́ títí ó fi ń tu ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí ọsibítù. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn nọ́ọ̀sì wá, wọ́n gún gbogbo ará ilé tó ti dàgbà ní abẹ́rẹ́ kékeré sí awọ apá, wọ́n ní àwọn ń padà bọ̀ lọ́jọ́ kẹta wá wo ojú abẹ́rẹ́ náà. Òjò dé, ọ̀nà bàjẹ́, mọ́tò wọn ò lè wọlé. Kí la máa ń ṣe ní Iba bí ẹni tó yẹ kó wá ṣe nǹkan ò bá dé? A máa ń bá a ṣe é. Bùọ̀dá Lámídì, àkọ́bí ìyá wa, tí wọ́n ti di bàbá fún wa láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, pe gbogbo ilé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ní kí oníkálukú na apá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dájọ́.

Apá Kúdí wú, ó pọ́n, ó sì le bí ìdajì orógbó. Wọ́n ní ikọ́ tísà ti wọ̀ ọ́ lára. Apá Ìyá ń dán, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, gbogbo ilé sì dúpẹ́. Apá Bùọ̀dá Lámídì fúnra wọn wú díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹ̀fọn ló jẹ àwọn. Bí ìdájọ́ ṣe parí nìyẹn. Wọ́n ya kọ́ọ̀pù Kúdí sọ́tọ̀. Wọ́n já Mufu, ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò, lẹ́nu ọmú, wọ́n sì gbé e fún Ìyá kó máa sùn lọ́dọ̀ wọn, nítorí pé apá Ìyá ló mọ́ jù nínú ilé. Ṣọ́jà ni ọkọ Kúdí, òkè ọya ni wọ́n gbé e lọ, kò sí nílé láti gbèjà ìyàwó rẹ̀.

Ìyá ń wúkọ́, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ iṣẹ́ ìyá wa? Ẹja ni wọ́n ń yan létí omi Ọ̀jọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọge. Ikọ́ èéfín yẹn la fi ń mọ̀ pé wọ́n ti ń bọ̀ wálé kí a tó rí wọn. Wọ́n rù, a ní ààwẹ̀ tí wọ́n gbà ni. Èmi náà kò rí nǹkan mìíràn rò sí i. Wọ́n pọn Mufu, wọ́n sìn mí dé oríta. Nígbàkúùgbà tí ikọ́ bá gbé Ìyá, tí ẹ̀yìn wọn bá mì, ọmọ náà a bú sẹ́rìn-ín, ó rò pé wọ́n ń bá òun ṣeré ni.

Ìlú tí kì í kíni

Òtútù ló kọ́kọ́ kí mi ní Kopẹnhágìn, olú-ìlú Dẹ́ńmáàkì, òun nìkan náà ló sì kí mi lọ́jọ́ yẹn. Àwọn ará ìlú náà kì í kíni. Wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ kọjá bí ẹni pé òpó iná ni ọ́. Bàbá àgbà kan ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé tí mo wọ̀ sí, mo kúnlẹ̀ kí wọn. Bàbá rò pé mo ṣubú ni. Wọ́n sáré di apá mi mú, wọ́n gbé mi dìde, wọ́n wá ń wo ilẹ̀ bóyá yìnyín ló gbé mi ṣubú. Láti ọjọ́ yẹn, wọ́n a máa di ògiri mú nígbàkúùgbà tí wọ́n bá rí mi lórí àtẹ̀gùn.

Ẹ má sì rò pé wọn ò mọ ìwà. Tiwọn ló yàtọ̀. Bí èèyàn bá wọlé síbi tí wọ́n pè é sí, yóò bọ́ bàtà bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí, yóò sì bọ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ọmọ tó ń rákò. Bí wọ́n bá jẹun tán, gbogbo wọn á dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó dáná, bàbá olówó àti ọmọdé pọ̀. Ìyẹn wù mí. Ohun tí kò wù mí ni oúnjẹ tí wọ́n ń torí rẹ̀ dúpẹ́. Búrẹ́dì dúdú kan wà, ó kan, ó sì wúwo bíi búlọ́ọ̀kù. Ẹja kékeré kan wà tí wọ́n rẹ sínú ọtí kíkan pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ṣúgà, iná ò kàn án rí láyé rẹ̀. Ọmọ ẹni tó ń yan ẹja ni mí o! Mo gbé e mì, mo dúpẹ́, omi sì ń dà lójú mi.

Ọmọdé kan jókòó tì mí nínú bọ́ọ̀sì, ó fi itọ́ rin ìka, ó fi ra ẹ̀yìn ọwọ́ mi wò bóyá dúdú náà yóò ṣí kúrò. Ojú ti ìyá rẹ̀ débi pé ó pọ́n bí ata. Mo na ọwọ́ kejì sí ọmọ náà kó lè yẹ ìyẹn náà wò. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, òun sì lẹni àkọ́kọ́ tó rẹ́rìn-ín sí mi nílùú náà.

Ṣùgbọ́n ohun tó dẹ́rù bà mí jù lọ ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ọwọ́. Mo ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù kan, òtútù ń ge etí mi, ni mo rí ọmọ ọwọ́ nínú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti ọmọ, níta, lóun nìkan. Mo wòye, mi ò rí ìyá rẹ̀. Mo dúró tì í, mo ń pariwo lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ẹnì kan ti gbàgbé ọmọ. Ìyá rẹ̀ yọ láti inú ṣọ́ọ̀bù, ó fi ara balẹ̀, ó mú kọfí lọ́wọ́. Ó ní òun kò gbàgbé ọmọ, ó ń gba atẹ́gùn ni. Ìta ni gbogbo wọn ń tẹ́ ọmọ sí bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ yóò le. Mo sọ ọ́ lọ́kàn mi pé àwọn èèyàn yìí kò gbádùn. Inú mi ò dùn títí tí ìyá náà fi ti ọmọ rẹ̀ lọ.

Aṣọ tí kòkòrò wọ̀

Ọ̀gá mi ní yàrá àyẹ̀wò jẹ́ obìnrin arúgbó tó ga, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n ní kí n máa pe òun ní Íńgà. Íńgà lásán! Ẹni tó lè bí ìyá mi! Ahọ́n mi kọ̀ ọ́. Mo ń pè wọ́n ní Màmá Íńgà, wọ́n sì gbà á lẹ́yìn tí mo ṣàlàyé pé bí mo bá pe orúkọ wọn ní òfìfo, oorun kò ní kùn mí.

Lójú awò tí a fi ń wo nǹkan kéékèèké, kòkòrò ikọ́ ife rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó pupa bí igi ìtayín tí wọ́n kùn ní ọ̀dà. Ṣùgbọ́n Màmá Íńgà ní kì í ṣe kòkòrò náà gan-an ni kí n kọ́kọ́ mọ̀, aṣọ tó wọ̀ ni. Ìda ló fi bora, ìyẹn ló mú kó lágídí. Lára aṣọ náà ni àwọn èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní purotéènì, wọ́n sì pọ̀ lóríṣiríṣi. Àwọn ni ara èèyàn fi ń dá a mọ̀. Bí kòkòrò náà bá bá èémí wọlé, aṣọ rẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun inú ara máa ń fọwọ́ kàn, kí wọ́n tó pariwo pé àjèjì ti dé. Àwọn kan nínú purotéènì náà ló ń ta wọ́n jí. Àwọn mìíràn, Màmá Íńgà ní àwọn ń fura pé ṣe ni wọ́n ń rẹ ọmọ ogun lẹ́kún, tí kòkòrò yóò fi ráyè wọ inú ọmọ ogun náà lọ, kó sì máa gbé ibẹ̀ jẹ́ẹ́. "Àwa gan-an kò tíì mọ èyí tó ń ṣe èwo," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. "Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi di arúgbó síbí."

Ìgbà náà ni mo mọ ohun tó wà nínú abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún àwọn ará ilé wa. Kò sí kòkòrò kankan nínú rẹ̀. Purotéènì tí wọ́n yọ lára kòkòrò tó ti kú ni, aṣọ òfìfo, tí wọ́n fi ń dán ara wò bóyá ó mọ ẹni tó ni ín.

Gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀ ni wọ́n ń gún. Wọ́n gún èmi náà. Apá mi wú ju ti Kúdí lọ. Mo rò pé wọ́n á dá mi padà sílé pẹ̀lú ẹ̀gàn. Mo yọ kọ́ọ̀pù mi kúrò láàárín tàwọn yòókù, mo gbé e sí ojú fèrèsé lọ́tọ̀. Màmá Íńgà rí i, wọ́n béèrè ohun tó dé, mo sì na apá sí wọn. Wọ́n wò ó, wọ́n ká apá aṣọ tiwọn, wọ́n fi àpá àtijọ́ kan hàn mí.

Wọ́n ní, "Tèmi náà wú nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ara rẹ ti pàdé rẹ̀ rí, ó sì rántí. Àwọn ọmọ ogun rẹ ló sáré wá síbẹ̀. A ó fi ẹ̀rọ ya fọ́tò inú àyà rẹ wò, bí kò bá sí nǹkan níbẹ̀, kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Ní ti kọ́ọ̀pù, dá a padà síbi tó wà. Èémí ló ń gbé àìsàn yìí, kì í ṣe kọ́ọ̀pù."

Kò sí nǹkan láyà mi. Ẹ ò lè mọ bí inú mi ti dùn tó, ní ti Kúdí ju ti ara mi lọ. Mo kọ̀wé sílé lọ́jọ́ náà pé kí wọ́n mú kọ́ọ̀pù Kúdí kúrò lórí ìṣó. Mi ò sọ nǹkan kan nípa Ìyá. Kí ni mo fẹ́ sọ? Apá tiwọn ti mọ́.

Ẹja yíyan

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, Màmá Íńgà mú mi lọ sí abúlé kan létí òkun. Bí a ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ni òórùn kan kọlù mí nímú, ẹsẹ̀ mi sì dúró. Èéfín igi, ọ̀rá ẹja, iyọ̀. Wọ́n ń yan ẹja! Àwọn obìnrin wà níbẹ̀ tí wọ́n so ẹja mọ́ irin gígùn, tí wọ́n fi wọ́n há inú ilé èéfín, àwọ̀ ẹja náà sì ń di wúrà bíi ti etí omi Ọ̀jọ́ gẹ́lẹ́. Mo ra tèmi, mo jókòó sórí òkúta, mo fi ọwọ́ jẹ ẹ́. Ẹkún ń gbọ̀n mí.

Mo wá ń rojọ́. Mo sọ nípa Ìyá, nípa ẹja yíyan, bí wọ́n ṣe ń wúkọ́ èéfín. Mo fi tísà àti abẹ́rẹ́ náà dá àpárá, bí Bùọ̀dá Lámídì ṣe ṣe adájọ́, tí wọ́n sì ní ẹ̀fọn ló jẹ àwọn. Màmá Íńgà ń rẹ́rìn-ín. Mo ní ti Ìyá nìkan ló ń dán bí awọ ọmọ tuntun. Ẹ̀rín wọn dáwọ́ dúró. Wọ́n gbé ẹja ọwọ́ wọn kalẹ̀.

"Ikọ́ náà ti pẹ́ tó ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́. Èéfín ni."

"Ṣé ó ti rù?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣìfáù, rántí àwọn ẹran wa."

Mo rántí. A ń sin àwọn ẹran kékeré kan níbi iṣẹ́, wọ́n jọ òkété tí kò nírù. Àwọn tí àìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, bí a bá gún wọn, awọ wọn a wú. Àwọn tó kù díẹ̀ kí wọ́n kú, awọ wọn kì í wú, ó máa ń dán. Mo ti fi ọwọ́ ara mi kan awọ wọn, mo sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ láìronú kan ilé.

Màmá Íńgà ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Wọ́n ní apá tí kò wú lè jẹ́ ti ẹni tí kò pàdé kòkòrò náà rí. Ó sì lè jẹ́ ti ẹni tí ogun ti pọ̀ jù fún nínú àyà, tí kò fi sí ọmọ ogun tí yóò sáré wá sí apá. Wọ́n ní àfi kí wọ́n wo kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Ìyá lábẹ́ awò kí èèyàn tó mọ èyí tó jẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ìbéèrè tó mú mi dìde lórí òkúta.

"Ọmọ àbúrò rẹ yẹn, ta ló ń gbé e sùn?"

Ìdí mi ò gbébìkan

Mo tẹ wáyà sí Bùọ̀dá Lámídì: Ẹ GBA MUFU LỌ́WỌ́ ÌYÁ. Ẹ GBÉ E FÚN KÚDÍ. Ẹ GBÉ ÌYÁ LỌ SÍ ỌSIBÍTÙ. Mo dúró de èsì, kò sí. Mo lọ síbi tẹlifóònù, wọ́n ní Èkó kò gbé e. Mo padà lọ, wọ́n ní Èkó gbé e, ṣùgbọ́n kò sí tẹlifóònù ní Iba. Mo ní ṣé ẹ rò pé n kò mọ̀ pé kò sí tẹlifóònù ní Iba ni! Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú.

Mi ò lè jókòó mọ́. Bí mo bá jókòó níbi iṣẹ́, ẹ̀yìn Ìyá tó ń mì ni mò ń rí, àti ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín. Mo fọ́ ìgò. Mo da omi sílẹ̀. Mo ń rìn kiri létí odò ìlú náà títí yìnyín fi ń dì sí bàtà mi, gbogbo kẹ̀kẹ́ ọmọ tí mo bá rí níta ni mo ń yọjú wò. Báyìí, àwọn ìyá wọn kò jọ wèrè lójú mi mọ́. Ọmọ tó wà níta, atẹ́gùn ló ń mí sínú, kì í ṣe ikọ́ ẹlòmíràn.

Mo sọ fún Màmá Íńgà pé mò ń lọ sílé. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ náà kò tíì parí, bí mo bá lọ báyìí, ilé-iṣẹ́ kò ní fún mi ní ìwé ẹ̀rí. Mo ní mo mọ̀. Wọ́n wá ní, "Wọ́n gbé ìyá mi lọ sí ilé àwọn oníkọ́ létí òkun nígbà tí mo kéré. Ojú fèrèsé la fi ń rí ara wa. Mo máa ń bínú sí wọn pé wọn ò jẹ́ kí n wọlé." Wọn ò sọ bóyá ìyá náà padà wálé, mi ò sì lè béèrè. Lọ́jọ́ tí mò ń lọ, obìnrin tí kì í fọwọ́ kan èèyàn yìí dì mọ́ mi, wọ́n ti ẹja yíyan tí wọ́n fi bébà wé bọ inú báàgì mi.

Ọ̀nà Iba

Ọyẹ́ ló pàdé mi nílé. Wọ́n ti da ọ̀dà sí apá kan ọ̀nà ńlá náà, mọ́tò tuntun ń sáré lórí rẹ̀. Láti Okokomaiko ni wọ́n ti ń kí mi: "Ṣìfáù, ẹ kú àjò o! Ẹ kú ọ̀nà jíjìn!" Mi ò dáhùn. Mò ń sáré pẹ̀lú báàgì lọ́rùn. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ lẹ́yìn mi pé, "Ẹ wò ó, òyìnbó ti gba ẹnu rẹ̀."

Ìyá jókòó lórí ẹní nínú yàrá wọn, fèrèsé wà ní títì nítorí ọyẹ́. Mufu wà lórí ẹsẹ̀ wọn. Ògì gbígbóná ni wọ́n ń fún un mu. Wọ́n a bù ú sí ṣíbí, wọ́n a fi ẹnu fẹ́ ẹ títí yóò fi tutù, wọ́n a fi sí ọmọ lẹ́nu. Wọ́n ti gbẹ, egungun ọrùn wọn yọ síta. Ojú wọn là nígbà tí wọ́n rí mi. Mi ò kúnlẹ̀. Mo gbé ọmọ náà kúrò lẹ́sẹ̀ wọn, mo gbé e jáde sí gbangba.

Ọmọ náà figbe ta. Bùọ̀dá Lámídì yọ láti ẹ̀yìnkùlé.

"Ṣìfáù! Ṣé o ti ya wèrè ni? O ò kí Ìyá, o já ọmọ gbà lọ́wọ́ wọn?"

"Ṣé wáyà mi ò dé ọ̀dọ̀ yín ni?"

"Ó dé. Mo ní òtútù ti wọ̀ ọ́ lórí. Ọmọ tó ń sanra, tó ń mu mílíìkì agolo, kí a gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ara ẹ̀ mọ́, kí a gbé e fún aláàrùn? Mi ò tiẹ̀ jẹ́ kí Ìyá gbọ́."

Ìyá ti dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n di férémù ilẹ̀kùn mú. "Gbọ́ kí ni?"

Mo kúnlẹ̀ nígbà náà, tọmọtọmọ. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe lè sọ ọ́. Mo sọ ti kòkòrò tó wọṣọ, àti ti àwọn ọmọ ogun ara. Mo ní apá tó wú ni ti ẹni tí ọmọ ogun rẹ̀ dìde. Mo ní Kúdí kò wúkọ́, kò rù, ara rẹ̀ ló ń ṣọ́ ọ.

Ìyá ní, "Ṣùgbọ́n apá tèmi mọ́."

"Ìyá, ó mọ́ jù."

Bùọ̀dá Lámídì ní ọ̀rọ̀ ìwé ni, òyìnbó ló ń tàn mí. Mo ní, "Bùọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀fọn tó jẹ yín lápá nígbà yẹn, kí ló dé tó fi jẹ́ ojú abẹ́rẹ́ gan-an ló jẹ?" Ìyá rẹ́rìn-ín. Ikọ́ gba ẹ̀rín náà lẹ́nu wọn, ó gbọ̀n wọ́n títí, nígbà tí wọ́n sì mú etí aṣọ kúrò lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Bùọ̀dá Lámídì rí i. Wọ́n yà lójú ọ̀nà fún mi.

Kúdí dúró sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ibi tí wọ́n ní kó máa dúró sí. Mo gbé Mufu lọ bá a. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n ọmọ náà yí ojú kúrò, ó ń na ọwọ́ sí Ìyá. Kò mọ ìyá tó bí i mọ́. Kúdí kò sunkún. Ó kàn dúró bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ nínà. Ìyá tú ọ̀já tó wà nídìí wọn, wọ́n jù ú sí i láti òkèèrè.

"Gba ọ̀já mi, fi pọ̀n ọ́n," Ìyá wí. "Òórùn mi wà lára ẹ̀. Á dákẹ́."

Ó sì dákẹ́.

Kọ́ọ̀pù aláwọ̀ ewé

Èmi fúnra mi ni mo wo kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Ìyá lábẹ́ awò ní ọsibítù. Igi ìtayín pupa ló kún ibẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún wọn lábẹ́rẹ́, wọ́n fún wọn ní oògùn oníhóró tí wọ́n ń lò fún ọ̀pọ̀ oṣù. Wọ́n gún Mufu náà lápá láti wò ó. Ìgbà tí ojú abẹ́rẹ́ náà wú, tó pọ́n, Kúdí di ọwọ́ mi mú débi pé ó dùn mí.

"Ó ti kó o, àbí? Àǹtí, ó ti kó o."

Mo ní, "Ó ti pàdé ẹ̀. Ara ẹ̀ sì ti dìde sí i. Wọ́n á fún un ní oògùn kó tó di àìsàn." Ìbẹ̀rù àti ayọ̀ ló jọ dì mọ́ mi lọ́rùn, mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ já sílẹ̀.

Mufu ti lo oògùn rẹ̀ tán báyìí, ó ń sáré kiri Iba, ó ń bá adìyẹ jà. Ìyá ti padà sídìí ẹja wọn. Wọ́n tọ́ èyí tí Màmá Íńgà fi ránṣẹ́ wò, wọ́n ní èéfín rẹ̀ kò tó. Ìwé ẹ̀rí mi kò dé, kò sì ní dé.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a kọ́kọ́ ti ọsibítù dé ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Mo ti tẹ́ ẹní Ìyá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níta, níbi tí atẹ́gùn wà, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọ ọwọ́ ní Kopẹnhágìn. Àwọn ará àdúgbò ní Ṣìfáù ti kó òtútù wálé. Ìyá kò jókòó. Wọ́n la ilé kọjá, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, wọ́n já kọ́ọ̀pù aláwọ̀ ewé yẹn kúrò lórí ìṣó. Láti ìgbà tí ìwé mi ti dé, kò sẹ́ni tó mú un kúrò níbẹ̀. Wọ́n fi etí ìró nù ún, wọ́n bu omi sí i, wọ́n padà sórí ẹní, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bùọ̀dá Lámídì ń wo ilẹ̀.

Mo ní, "Ìyá, kì í ṣe kọ́ọ̀pù ló ń gbé e. Èémí ni. Kò yẹ kí wọ́n yà á sọ́tọ̀ rárá."

"Jẹ́ kó wà níbẹ̀," ni Ìyá wí. "Níṣojú mi ni wọ́n fi kọ́ ọ sókè orí ọmọ mi, mi ò sọ̀rọ̀." Wọ́n mu omi náà dé ìdajì, wọ́n gbé e kalẹ̀.

Kúdí jáde láti inú ilé, ó pọn Mufu pẹ̀lú ọ̀já Ìyá. Ó wo kọ́ọ̀pù náà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e, ó mu omi tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ tán pátápátá, kò mú un kúrò lẹ́nu títí ó fi gbẹ. Ó nu ẹnu.

"Ìyá," ó ní, "ṣé kí n tún bù sí i?"